Ẹran Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

Itan adìẹ kan wà nínú àwo. Àwo funfun ni, etí rẹ̀ pupa. Itan náà pọ́n, ó ń dán, ó sì kù ju ìdajì lọ. Apá tó dùn jù lára rẹ̀ ló kù, apá tó sún mọ́ eegun, níbi tí ẹran ti máa ń rọ̀. Ìka méjì ń ti àwo náà bọ̀ lórí tábìlì, díẹ̀díẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ọwọ́ sùn sí.

Ọwọ́ Bàbá ni. Ọwọ́ káfíńtà ni, tí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ti fọ́ láti ọjọ́ tí òòlù ti bà á, tí kò sì hù dáadáa mọ́. Ọ̀dọ̀ Oyèníran ló ń ti àwo náà sí, àkọ́bí rẹ̀, ọkùnrin tó ti hu irùngbọ̀n, tó ti kọ́lé, tó ń wa mọ́tò ara rẹ̀ nílùú òyìnbó. Láti ìgbà tí ọmọ yìí ti mọ ìrìn ni àwo ti ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, tòun tẹran nínú.

Ẹ wo ibi tí wọ́n jókòó sí ná. Ìlú Líìdì ni, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ yìí ń ṣe bí ẹni pé Amẹ́ríkà ni òun wà, Amẹ́ríkà ayé àtijọ́ pàápàá. Àga rẹ̀ pupa, ó ń dán, ó sì ń mí fìì bí èèyàn bá jókòó lé e. Ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó funfun, ó dúdú, ó funfun, títí dé ìdí kàńtà. Iwájú mọ́tò àtijọ́ kan tí wọ́n gé láàbọ̀ yọrí jáde lára ògiri, ó la iná ojú rẹ̀ méjèèjì sí àwọn tó ń jẹun. Ẹ̀rọ orin ńlá kan wà ní kọ̀rọ̀, iná pupa àti iná àwọ̀ ewé ń rìn yí i ká; ẹni tó bá ju owó wẹ́wẹ́ sí i lẹ́nu, á kọrin ayé ìgbà kan fún un. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ kiri dé fìlà bébà. Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé iṣẹ́, gbogbo rẹ̀ ló sì ń díbọ́n pé òun ti gbó.

Nígbà tí wọ́n wọlé, Bàbá ti ki ọwọ́ bọ abẹ́ tábìlì, ó fi ìka kàn án, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Kì í ṣe igi. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn méjì tó jókòó kọjú sí wọn ni Ọ̀gá Piita àti ìyàwó rẹ̀. Ọ̀gá Oyèníran ni Piita níbi iṣẹ́, èèyàn jẹ́jẹ́ tí orí rẹ̀ ti pá. Òun ló ní dandan ni kí òun fi ojú kan bàbá Oyèníran kí bàbá náà tó padà sílé ní Ìkìrun, òun ló sì yan ilé oúnjẹ yìí. Láti ọjọ́ tó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni ọkàn Oyèníran ò ti balẹ̀ mọ́. Ó kọ́ Bàbá bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ òsì di fọ́ọ̀kì mú, ọwọ́ òsì tí Bàbá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́ òun pé kì í kan oúnjẹ. Ó ní kí Bàbá má gùfẹ̀. Ó ní kí Bàbá má kí gbogbo ẹni tó bá jókòó nínú ilé oúnjẹ, pé wọn kì í kí ara wọn níbí. Bàbá sì ń gbọ́, ó ń mi orí, bí ọmọṣẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ayùn lé lọ́wọ́.

Ẹ sì gbà á gbọ́, Bàbá gbìyànjú. Kò sí ohun tí wọ́n kọ́ ọ tí kò ṣe. Ó fi ọ̀bẹ gé adìẹ bí ẹni ń gé pátákó olówó ńlá, ó rọra ń jẹ pòtétò díndín ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń nu ẹnu. Ọ̀gá Piita bi í léèrè nípa iṣẹ́ igi, ó dáhùn pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì tó ní lọ́wọ́, inú ọ̀gá dùn. Oyèníran ti bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ó ti ń rò ó pé àwọn ti yege. Ohun kan ṣoṣo ni kò rántí kìlọ̀ rẹ̀, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ti gbàgbé pé ó wà.

Ní Ìkìrun, lórí àpótí kékeré nínú pálọ̀, ni Bàbá ti máa ń jẹun. Abọ́ tánganran olódòdó ni abọ́ rẹ̀, ó ní ìdérí. Ọmọdékùnrin kan a dúró sẹ́yìn aṣọ ilẹ̀kùn, a máa fi etí sílẹ̀. Tí Bàbá bá jẹun jẹun, a bomi mu, a dé abọ́ náà pa, a wá gbé ohùn sókè: “Àdìgún, wá palẹ̀ mọ́. Mo ti yó.” Àdìgún, oríkì tí Bàbá fi ń pe Oyèníran nìyẹn, á sáré wọlé, á kúnlẹ̀ gbé abọ́, á rin jẹ́jẹ́ títí tí yóò fi dé ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi, kó tó ṣí ìdérí. Ẹran a sì wà níbẹ̀.

Ẹran kì í ṣàì wà níbẹ̀. Ní ọdún tí ọjà igi kú, tó jẹ́ pé ẹyọ ẹran kan ni Ìyá ń fi sórí oúnjẹ Bàbá, tó tún kéré, ìdajì rẹ̀ a wà níbẹ̀. Ìyá a máa bínú, a ní kí ọkùnrin tó ń fa ayùn láti àárọ̀ rọra jẹ ẹran rẹ̀ tán o jàre. Bàbá á rẹ́rìn-ín. Á ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, fúnra rẹ̀ ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Á ní òun ní ọmọ tó ń bá òun gbé abọ́, kí ni òun ń jẹ ẹ́ tán sí? Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi mọ̀ pé Bàbá ò tíì yó. Ó mọ̀ dáadáa, ó sì ń jẹ ẹran náà, ó ń lá ìka.

Àwo funfun dé iwájú Oyèníran wàyí. Ó kan ife omi rẹ̀, ó dún kín.

Ọ̀gá Piita gbójú sókè. Ìyàwó rẹ̀ náà gbójú sókè, ó wo ẹran, ó wo Bàbá, ó tún wo ẹran tí eyín ẹlòmíràn ti kàn. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó rọra béèrè bóyá oúnjẹ náà kò tẹ́ Bàbá lọ́rùn ni. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀sín. Ká ní ẹ̀sín ni, ì bá tún sàn fún Oyèníran. Ọkùnrin náà kàn fẹ́ mọ̀ ni, gbólóhùn kan ṣoṣo sì tó láti fi dá a lóhùn: bí bàbá ṣe ń ṣe fún ọmọ nílé wa nìyí. Oyèníran ní gbólóhùn yẹn lédè Yorùbá, ó ní in lédè gẹ̀ẹ́sì.

Ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ti gbóná. Ó rí ara rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń rí i, ọkùnrin onírùngbọ̀n tí wọ́n ń fún ní àjẹkù níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò mọ ibi tó ti rí i. Ó ní, “Kò fẹ́ ẹ mọ́ ni. Kò fẹ́ràn bí wọ́n ṣe sè é.” Ó sì na ọwọ́ sókè sí ọmọbìnrin tó dé fìlà bébà, pé kó wá gbé e kúrò.

Gẹ̀ẹ́sì ló fi sọ ọ́. Bàbá gbọ́ gẹ̀ẹ́sì mọ níwọ̀n, ìwọ̀n yẹn sì tó.

Àwo ń lọ. Ọmọbìnrin náà gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó yí padà, ó ń lọ. Bàtà rẹ̀ tẹ dúdú, ó tẹ funfun, ó tẹ dúdú. Orin kan parí lẹ́nu ẹ̀rọ, òmíràn ò tíì bẹ̀rẹ̀. Oyèníran lè pè é. Kò jìnnà. Bó bá kàn sọ pé dúró, yóò dúró, yóò yí padà tẹ̀ríntẹ̀rín, yóò gbé e bọ̀. Kò pè é.

Àwo ń lọ, ẹran ń lọ. Ó ti dé ìdí kàńtà. Garawa ìdọ̀tí kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́, ìdérí rẹ̀ ṣí, ó da ẹran inú àwo sí i. Ó dún pọ̀, ohùn kékeré, ohùn tí kò yẹ kí ó dé tábìlì tí wọ́n wà. Ó dé ibẹ̀.

Ojú wá ń ti Oyèníran. Ojú ti kọ́kọ́ tì í nítorí Bàbá, lójú Ọ̀gá Piita. Ìtìjú kékeré nìyẹn. Èyí tó dé yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú Piita. Ó ń tì í lójú Ìyá tó ti kú. Ó ń tì í lójú ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbá omi, tó ń lá ìka. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ta ló fi òun ṣẹ̀sín níhìn-ín bí kì í bá ṣe òun fúnra rẹ̀? Kò lè wo ojú Bàbá. Ọwọ́ ló ń wò. Ọwọ́ náà ṣì wà lórí tábìlì, níbi tí àwo ti kúrò, ìka méjì ṣì nà síwájú. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ fà sẹ́yìn. Bàbá mú bébà, ó ń nu ìka rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀rọ orin tún bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá Piita ti ní kí wọ́n gbé áísìkirímù wá fún gbogbo wọn kí èyí tó ṣẹlẹ̀, ó sì dé nínú ife gíga, ìfóófòó funfun lórí rẹ̀, èso pupa kan lórí ìfóófòó. Bàbá mú ṣíbí gígùn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ.

Oyèníran kò fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó ń wo ife Bàbá. Yóò ṣẹ́ ẹ kù, ó ń sọ lọ́kàn ara rẹ̀. Bàbá kì í jẹ nǹkan tán. Bó bá ṣẹ́ ẹ kù bíńtín, bó jẹ́ ṣíbí kan péré, òun yóò gbà á, òun yóò jẹ ẹ́ níwájú Piita, níwájú ìyàwó rẹ̀, níwájú mọ́tò tó yọrí lára ògiri, òun yóò tún lá ṣíbí. Ó ti múra. Ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí tábìlì, ó ń dúró de ìka méjì yẹn.

Bàbá ń jẹ. Ìfóófòó tán. Bàbá jẹ èso pupa, ó tu kóró rẹ̀ sínú bébà bí wọ́n ṣe kọ́ ọ. Áísìkirímù dé ìdajì ife, kò dúró. Ó dé ìdí ife, kò dúró. Bàbá tẹ ife sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń fi ṣíbí ha á, kín, kín, kín, ó ha á yí ká, títí tí gíláàsì fi mọ́ tí a lè rí ọwọ́ rẹ̀ láti òdìkejì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́.

Bàbá dìde. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife náà.

Oyèníran náà fẹ́ dìde, àga pupa mí fìì lábẹ́ rẹ̀. Ó na ọwọ́. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e.” Yorùbá ló fi sọ ọ́.

Bàbá wò ó. Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá sàn.

“Jókòó, Oyèníran,” ni Bàbá wí. “Mo ti yó.”

Kò pè é ní Àdìgún. Ó kọjá lára rẹ̀, ó ń gbé ife rẹ̀ lọ, ó rọra ń rìn kí ó má baà yọ̀, dúdú, funfun, dúdú, funfun. Ọ̀gá Piita ń wò ó lọ, ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé irú àgbàlagbà ọmọlúàbí báyìí ṣọ̀wọ́n. Ní ìdí kàńtà, Bàbá tẹ orí ba fún ọmọbìnrin náà, ó sì gbé ife òfìfo kalẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó dún kín.