Fèrèsé Kejì

Ògiri náà gbóná bí ìkòkò orí iná. Bíríkìlà yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀ kíá, ó wo àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀ bí ẹni pé ògiri náà bú u.

Ọ̀sán ni, kò síná láti àárọ̀, fáànù ti dákẹ́. Òógùn ti jẹ́ kí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì rin gbindin, nídìí fèrèsé kan ṣoṣo tí yàrá náà ní. Ìdí nìyẹn tó fi yí sí ẹ̀gbẹ́ ìyàwó rẹ̀, lára ògiri. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí wọ́n ti jọ ń sùn níbẹ̀, kò sùn sí ẹ̀gbẹ́ yẹn rí. Kò lè lo ìṣẹ́jú márùn-ún. Atẹ́gùn kì í débẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ wọn obìnrin. "Ooru yìí á pa mí," ohun tó sọ nìyẹn, kò tiẹ̀ bínú nígbà tó ń sọ ọ́. Àárò rẹ̀ ń sọ Bíríkìlà gan-an. Láàárọ̀ yìí, ife omi méjì ló bù.

Kò sílé tí kò ṣe fèrèsé sí ládùúgbò. Tirẹ̀ nìkan ló ń fi dọ́la.

Ó wọ́ àpótí aṣọ tó wà níbi orí bẹ́ẹ̀dì kúrò, kó lè ráyè lu fèrèsé kejì sára ògiri. Ẹ̀yìn rẹ̀ ló ti bá ilà ṣọ́ọ̀kì mẹ́rin. Wọ́n ti ṣá, ṣùgbọ́n wọ́n gún régé. Fèrèsé ni. Ó fi téèpù wọ̀n ọ́n, kò yẹ̀ rárá.

Ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Ìyá wọn, ta ló fa ilà sára ògiri?"

Obìnrin náà ní, "Ẹ ti gbé àpótí yẹn kúrò nìyẹn."

"Ìgbà wo lo fà á?"

"Nígbà tí mo lóyún àbíkẹ́yìn wa. Mo ní kí n bá yín dín iṣẹ́ kù."

Àbíkẹ́yìn wọn ti di bàbá ọlọ́mọ méjì.

"Ooru ọ̀hún ńkọ́?" obìnrin náà bi í.

Ó wù ú kó ní ó ti rọlẹ̀, kí ìyàwó rẹ̀ lè padà wálé.

"Ó pọ̀," ó ní. "Ẹ̀gbẹ́ tìẹ ló pọ̀ jù. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀."

Kò pa fóònù náà, ó gbé e sórí ìrọ̀rí ìyàwó rẹ̀, ó fi irin sójú ilà, ó gbé òòlù sókè.

"Ẹ rọra o," ohùn kan wí láti orí ìrọ̀rí. "Ẹ má kọjá ilà mi."