Ọ̀rọ̀ Tí Ìyá Yétúndé Wá fún Dókítà

Ohun tó ń da Ìyá Yétúndé láàmú ní Ìpáò kì í ṣe ẹsẹ̀ tó kán mọ́. Ẹsẹ̀ ti jinná. Ọpẹ́ ni kò jẹ́ kó sùn dáadáa.

Nígbà ìkórè, níbi tó ti ń sá kòkó ló ti yọ̀ ṣubú, kò sì sẹ́nìkan nílé. Ọlọ́run ló ní kí Dókítà Ngunan máa kọjá lọ, obìnrin ará Benue kan tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní yunifásítì ní Ọyẹ́. Òun ló gbé e sínú mọ́tò títí dé ọsibítù ní Ìdó. Ìrora pọ̀, màmá bì sára ìró rẹ̀. Kí Yétúndé ọmọ rẹ̀ tó dé, àlejò yìí ti bọ́ ìró náà, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ̀ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi, ó sì ti sá a sórí mọ́tò.

Ìdúpẹ́ wá kù sí dẹ̀dẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Dókítà ní òun ń bọ̀, ṣùgbọ́n Yorùbá tó gbọ́ kò kọjá ẹ káàárọ̀. Yétúndé, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì ní Ìkọ̀lé, ní òun yóò túmọ̀.

"Ṣé ìwọ ló fọ aṣọ fún ni?" ni ìyá rẹ̀ dá a lóhùn. "Ẹnu mi ni yóò ti gbọ́ ọ. Wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan fún mi, ẹyọ kan péré, tí wọ́n fi ń pe irú ènìyàn bẹ́ẹ̀."

"Ẹ sọ pé ó náìsì, Mọ̀ọ́mi."

"Náìsì! Àná lo ní ọbẹ̀ náìsì. Bàtà Ṣèyí ọmọ rẹ, náìsì. Fóònù, náìsì. Òjò kù díẹ̀, afẹ́fẹ́ ń fẹ́, o tún ní ó náìsì. Ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé ti nuwọ́ sí bẹ́ẹ̀ ni kí n gbé fún ẹni tó fọ èébì mi?"

Yétúndé rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Kò burú o. Ohun tó bá ṣáà ti tẹ́ni lọ́rùn ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Onínúure náà wà níbẹ̀."

"Kí ó kúrò láàárín bàtà àti ọbẹ̀. Wá òmíràn."

Bí wọ́n ṣe mú káíńdì nìyẹn, nítorí Yétúndé búra pé kò sẹ́ni tó ń fi í pe ọbẹ̀. Ìyá ń gbálẹ̀, ó ń pè é. Ó ń bẹ iṣu, ó ń pè é.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Ìró náà gan-an ló ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n gbé makirofóònù fún un, ó wo Dókítà lójú.

"Dókítà, yú áà... yú áà..." Káíńdì ti fò lọ. "Náìsì!"

Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín. Oyèbánjí, olórí akọrin, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, ní, "Ìyá Yétúndé, ṣé ọbẹ̀ ni Dókítà ni?"

Dókítà gbá a mọ́ra, wọ́n jẹ iyán, àlejò sì padà sí Ọyẹ́. Ṣùgbọ́n Ìyá Yétúndé kò rẹ́rìn-ín. "Mo ti fi ọpẹ́ náà ṣòfò," ló ń wí títí wọ́n fi sùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó jí, ó wẹ̀. Ẹni tó bá ṣeni lóore, àárọ̀ ọjọ́ kejì làá tún lọ kí i. Ìyẹn kò gba Gẹ̀ẹ́sì. "Gbé mi lọ sí Ọyẹ́," ló sọ fún Yétúndé.

Dókítà ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú ìpayà, ó ń béèrè bóyá ẹsẹ̀ ló tún dé.

"Ulé dára, ẹsẹ̀ dára," ni Ìyá Yétúndé wí. "Ẹ ṣé àná ni mo wá kí ọ. O ṣé tí o wá. O ṣé aṣọ tí o fọ̀."

Yétúndé túmọ̀ rẹ̀. Dókítà wo ẹsẹ̀ màmá, ó wo eruku ọ̀nà lára mọ́tò, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní òun ti ran ènìyàn lọ́wọ́ rí, wọ́n sì ti dúpẹ́. Ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó tún jí wá.

Ló bá kúnlẹ̀ lórí eékún méjèèjì, bó ṣe ń rí i tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń ṣe, ó mú ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ lẹ́nu màmá: "Mọ̀ọ́mi, ẹ ṣé àná. Iyán náìsì!"

Ìyá Yétúndé fà á dìde, ó nu ojú rẹ̀ fún un pẹ̀lú etí ìró náà.

"Iyán dùn ni," ló wí. "Ìwọ lo náìsì."