Àga Tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníran Fi Sílẹ̀

Ogójì àga péré ni ẹgbẹ́ àwọn àgbà onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní. Ẹni tó bá ti jókòó, ikú ló sábà máa ń gbé e dìde. Ní ọdún 1994, méjì péré nínú wọn ló mọ̀ nípa àrùn ewéko: Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníran ní Ìbà, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Àlíù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ìwé, ní Okokomáìkò. Àwọn méjèèjì ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Adéníran fẹ́ kí Dókítà Ìbídùn, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ àtijọ́, wọ ẹgbẹ́ kí àwọn méjèèjì tó kú tán. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì tó mọ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ síwèé rẹ̀, àga kan sì gbọ́dọ̀ ṣófo. Ẹ̀ka ìmọ̀ tó bá kọ́kọ́ mú ìwé pípé wá ló ni àga.

Ó lọ bá Àlíù.

“Fi àga sílẹ̀ fún ọmọ yìí. Ọdún mẹ́ta lo ò ti wá sípàdé.”

“Ìwọ tó ń wá ńkọ́? Ṣebí oorun lo máa ń sùn níbẹ̀!” Àlíù fọwọ́ síwèé náà. “Ọwọ́ mi rèé. Àga mi ni o ò ní rí gbà. Kí ni wọn yóò máa pè mí lẹ́yìn ìyẹn?”

Lọ́jọ́ Ajé, Adéníran kọ̀wé fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó sì fúnra rẹ̀ gbé e lọ. Ó fẹ́ kí nǹkan tò lẹ́sẹẹsẹ: kí àga ṣófo ná. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó fọwọ́ síwèé Ìbídùn, ó fi ránṣẹ́.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Florence, akọ̀wé ẹgbẹ́, tẹ́ ìwé méjèèjì síwájú Adéníran.

“Bàbá, ẹ ti kúrò lọ́mọ ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Ọwọ́ yín tọjọ́ Ìṣẹ́gun ò ṣiṣẹ́ mọ́.”

“Fún mi níwèé tọjọ́ Ajé padà.”

“Mo ti lu òǹtẹ̀ sí i, sà. Àwọn onímọ̀ òkúta sì ti fa ẹnìkan kalẹ̀ sí àga yín láàárọ̀ yìí.”

“Ọmọ ọdún mélòó?”

“Méjìdínlọ́gọ́rin.”

“Florence, mo bẹ̀ ọ́. Yí ọjọ́ kan péré padà.”

Florence kó ìwé méjèèjì padà sínú fáìlì.

Adéníran bá Ìbídùn lóko ìwádìí rẹ̀ lẹ́yìn bárékè ológun Ọ̀jọ́, níbi tó ti ń yẹ ewé ẹ̀gẹ́ wò.

“Ṣé wọ́n gbà, sà?”

Adéníran sọ gbogbo rẹ̀ fún un, kò bo ọ̀kan.

“Bí àga mìíràn bá ṣófo, ta ló kù tó lè fọwọ́ síwèé mi?”

“Àlíù.”

“Ẹnìkejì ńkọ́, sà?”