Ẹ̀yìn Páálí

"Gbé e padà sórí pẹpẹ," ni Ọ̀gbẹ́ni Akínfẹ́nwá wí, ó sì fi ẹnu tọ́ka sí ẹ̀wà tí ìyàwó rẹ̀ mú nínú súpámákẹ́ẹ̀tì.

Adéwùnmí kò gbé e padà. Ẹ̀wà olóyin ni, tí wọ́n dì sínú ọ̀rá tí wọ́n sì so lẹ́nu. "Kí ni ẹ̀wà ṣe fún yín, Bàbá Débọ́lá?"

"Kò ní àkọlé. Ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?"

"Ẹ̀wà ló wà nínú rẹ̀."

"Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí?"

Obìnrin náà mí kanlẹ̀, ó dá ẹ̀wà padà. Láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ó ti ń gbọ́ ìbéèrè yìí, láti ìgbà tí dókítà ti sọ fún un pé ìtọ̀ ṣúgà ń yọjú sí i. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ọkọ rẹ̀ gba àpò ọjà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní òun ni yóò máa ra oúnjẹ ilé, nítorí òun mọ bí wọ́n ṣe ń kàwé. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ó fi ka fáìlì ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ibẹ̀ ni ó sì ti kọ́ pé ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ kò ṣẹlẹ̀. Ìgbákejì dírẹ́kítọ̀ ni ó jẹ́ nígbà tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ìgbákejì yẹn kò bá a kúrò ní ọ́fíìsì. "Dírẹ́kítọ̀" ni gbogbo Fẹ́sítáàkì ń pè é, kò sì tún un ṣe fún wọn rí.

Bí ẹ̀wà ṣe jáde nílé wọn nìyẹn. Gàrí tẹ̀ lé e, nítorí kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sára gàrí. Ẹ̀fọ́ náà ì bá bá wọn lọ, bí kì í bá ṣe pé Dírẹ́kítọ̀ fẹ́ràn ẹ̀fọ́ rírò. Ohun tó wọlé dípò wọn ni bísíkíìtì kan tó wà nínú páálí aláwọ̀ ewé. Wọ́n ya obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń sáré sí iwájú páálí náà, wọ́n sì ya ọkàn pupa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Mo ti ka ẹ̀yìn rẹ̀," ni Akínfẹ́nwá sọ nígbà náà. "Nínú ọgọ́rùn-ún gíráàmù, ṣúgà kò ju méjì lọ. Máa jẹ ẹ́."

Adéwùnmí sì ń jẹ ẹ́, láàárọ̀ àti lálẹ́, bí ẹni tó ń lo oògùn. Kò yẹ ẹ̀yìn páálí wò. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, ọkọ rẹ̀ ló ń ka gbogbo ìwé tó bá wọlé, ìwé iná ni o, lẹ́tà ilé ẹ̀kọ́ ni o.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, wọ́n padà sí ilé ìwòsàn. Ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti gòkè sí i. Dókítà ní bí kò bá wálẹ̀ kí oṣù tó parí, abẹ́rẹ́ ló kàn, lójoojúmọ́.

"Kí lò ń jẹ lẹ́yìn mi?" ni ọkọ rẹ̀ bi í, níwájú dókítà.

"Mi ò jẹ nǹkan kan."

"Ìwé àyẹ̀wò kì í parọ́."

Bí wọ́n ṣe délé ni ó pe Débọ́lá, ọmọ wọn, ní Àkúrẹ́, ó ní màmá rẹ̀ ń jẹ kéèkì ní ìkọ̀kọ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọmọ yẹn ti ń bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ tó jí ẹran nínú ìkòkò sọ̀rọ̀: "Mọ́mì, ẹ ṣáà sọ òtítọ́ fún mi. Mi ò ní bínú." Ìyẹn dun Adéwùnmí ju abẹ́rẹ́ lọ. Ìdí tó fi tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ wá sí súpámákẹ́ẹ̀tì lónìí nìyẹn, pé kí ojú méjèèjì jọ rí ohun tó ń wọlé.

Akínfẹ́nwá ti dé ìdí tòmátò inú agolo. Ó mú ọ̀kan, ó nà án síwájú títí apá rẹ̀ fi tán, ó di ojú kan, ó mi orí, ó sì gbé agolo náà sáàárín ọṣẹ. Mọ̀nsúrát, ọmọbìnrin tó ń to ọjà, ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó ń dá nǹkan padà sí àyè wọn.

"Dádì, ṣé iyọ̀ rẹ̀ tún pọ̀ jù ni?"

"Ó pọ̀ jù."

"Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹ ní iyọ̀ rẹ̀ kéré, pé òun gan-an lẹ fẹ́."

"Wọ́n ti yí i padà."

Mọ̀nsúrát wo Adéwùnmí, Adéwùnmí wo òkè àjà.

Wọ́n dé ìdí bísíkíìtì. Akínfẹ́nwá mú páálí aláwọ̀ ewé, ó kọ ẹ̀yìn rẹ̀ sí ara rẹ̀, ó tún na apá. "Gíráàmù méjì," ó ní. "Wò ó, kò yí padà."

Adéwùnmí wò ó. Láti ibi tó dúró sí, iwájú páálí ló ń rí. Obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tó ń sáré níbẹ̀ ti sọ orí kodò, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lókè.

Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ni. Lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ yé e lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: apá tó máa ń nà, ojú tó máa ń dì, awò ojú tí Débọ́lá rà fún bàbá rẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn, tí ìyẹn ní ti àwọn arúgbó ni. Ọmọ ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tó ń kun irun ní gbogbo Sátidé títí ìrọ̀rí fi dúdú. Ẹni tí kò rí àkọlé ni ó ti ń bọ́ òun láti oṣù mẹ́ta.

Ó ti la ẹnu nígbà tí Díákónì Ọláìtán, ọmọ ìjọ wọn láti àdúgbò Ràjí Ràsákì, yọ sí wọn. Páálí aláwọ̀ ewé kan náà wà lọ́wọ́ òun náà.

"Dírẹ́kítọ̀, Ọlọ́run ló fi yín pàdé mi. Ìyàwó mi ní kí n ra bísíkíìtì tí ẹ júwe fún wa ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka ẹ̀yìn rẹ̀, mo gbàgbé awò mi sílé."

Akínfẹ́nwá gba páálí náà. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀, lábẹ́ irun dúdú. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu Adéwùnmí pọ̀, èyí tó kéré jù nínú rẹ̀ tó láti dé ṣọ́ọ̀ṣì ṣáájú wọn. Ó gbé e mì. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú awò ojú tirẹ̀ jáde, èyí tó ní òkúta wínníwínní tó ń tàn yinrin létí méjèèjì.

"Ẹ gbà," ó ní wẹ́rẹ́.

"Ti obìnrin ni èyí."

"Ojú kò lákọ, kò lábo. Ẹ gbà, Bàbá Débọ́lá."

Ó gbà á, ó fi sójú.

"Ó mà yẹ yín," ni Díákónì wí.

Akínfẹ́nwá wo páálí náà. Ó fi ìka tọ ìlà tí wọ́n kọ ṣúgà sí. "Méjì wà níbẹ̀ lóòótọ́," ó ní.

"Kí ló tẹ̀ lé e?" ni Adéwùnmí béèrè.

"Mẹ́jọ."

"Ẹ ka méjèèjì pọ̀."

"Méjìdínlọ́gbọ̀n."

"Kéèkì gan-an ò lè dùn tó bẹ́ẹ̀," ni Mọ̀nsúrát wí láti ẹ̀yìn wọn, kò sì sẹ́ni tó bi í. Díákónì Ọláìtán gba páálí rẹ̀, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá a padà sórí pẹpẹ, ó kí wọn, ó lọ.

"Ẹ pe Débọ́lá," ni Adéwùnmí wí.

"Tí a bá délé."

"Ẹ ò dúró kí a délé kí ẹ tó bi mí léèrè níwájú dókítà."

Akínfẹ́nwá yọ fóònù. Ó rí orúkọ ọmọ náà láìna apá. "Débọ́lá, dádì rẹ ni. Màmá rẹ kò jẹ kéèkì kankan." Ó fetí sí ìbéèrè ọmọ náà. "Rárá. Èmi ni. Mo ní èmi ni mò ń fún un ní ṣúgà jẹ." Ó tún fetí sí òmíràn. "Bẹ́ẹ̀ ni, awò yẹn ṣì wà nínú dúróọ̀ tábìlì."

Nígbà tó fi sọ̀rọ̀ tán, Adéwùnmí ti gbé ẹ̀wà dé, ó ti fi sínú agbọ̀n. Akínfẹ́nwá gbé ọ̀rá náà, ó yẹ iwájú rẹ̀ wò, ó yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò rí nǹkan kan kà. Ẹ̀wà nìkan ló rí, tòun ti ojú kéékèèké ara wọn, tí gbogbo wọn ń wò ó. Ó rọra dá a padà sínú agbọ̀n.

Adéwùnmí na ọwọ́ fún awò rẹ̀.

"Jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Mi ò tíì ka ti mílíìkì."