Ìkòkò Tí Kò Níhò

Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n sì jọ ń ṣe. Àbúrò ń gbẹ́ ìkòkò tábà, ẹ̀gbọ́n ń fà á wò. Àwọn oníbàárà ń pe àbúrò ní Agbẹ́gi. Ẹ̀gbọ́n ni wọ́n ń pè ní Ẹnu-Òṣùwọ̀n.

Orúkọ náà kò ṣàdéédé wá. Kò sí ìkòkò kan tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù wọn rí láìjẹ́ pé ẹ̀gbọ́n fi í sẹ́nu lófìfo, láìsí tábà, láìsí iná. Yóò dijú, yóò fa afẹ́fẹ́ gba inú igi náà, yóò sì tẹ́tí sí i. Bí ihò ọrùn ìkòkò bá já sí ìdí ikùn tó ń gba tábà gan-an, afẹ́fẹ́ á wọlé jẹ́ẹ́. Bó bá já sókè jù, á máa súfèé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò fà á, kò sí ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Bó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò ní, "Ó dáa. Gbé e fún oníbàárà." Èyí tí kò bá dáa, òun fúnra rẹ̀ ni yóò mú un. Gbogbo ayé rẹ̀, ìkòkò tó là, tí wọ́n fi wáyà so, ló fi ń mu tábà.

Tábà náà ló wá dá a dùbúlẹ̀. Àyà rẹ̀ bàjẹ́. Dókítà ní èéfín kò gbọdọ̀ kàn án mọ́. Ọjọ́ tí àbúrò wá kí i, ẹ̀gbọ́n di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Gbẹ́ ọ̀kan fún mi. Èyí tó pé."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ gbọ́ ohun tí dókítà sọ?"

"Mo gbọ́. Ṣé dókítà ló ń gbẹ́gi ni?"

Àbúrò rẹ́rìn-ín, ó sì gbà.

Ó sọ igi kan kalẹ̀ láti orí àjà. Gbòǹgbò ni, ó ti gbẹ tí ó fi ń dún bí egungun bí èèyàn bá kàn án. Ẹ̀gbọ́n ló yan igi náà nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì ń gbé e. Agbẹ́gi fi ayùn gé e, ó fi ìlu dá ikùn rẹ̀ lu, ó fi ọ̀bẹ yọ ọrùn rẹ̀. Fáìlì tó fi ń ha igi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọlé.

"Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́."

"Ìyàwó, káàbọ̀. Aláìsàn ńkọ́?"

"Wọ́n bú mi láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ẹ̀kọ tí mo pò, omi ìfọwọ́ ni."

"Bí wọ́n bá ti lè bú ọ, ara wọn ń yá nìyẹn."

Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìkòkò tó wà lọ́wọ́ Agbẹ́gi.

"Ẹ má lu ihò ọrùn rẹ̀."

Agbẹ́gi gbé fáìlì kalẹ̀. "Ìkòkò tí kò níhò, igi ìdáná ni."

"Kó jẹ́ igi ìdáná. Wọ́n ti fi tábà pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo rí i nígbà tí mò ń tẹ́ ibùsùn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kàn há a sẹ́nu, kí ọkàn wọn balẹ̀."

"Wọ́n á mọ̀."

"Ẹ sọ pé ẹ gbàgbé."

"Èmi? Èmi ni n ó gbàgbé ihò?"

"Ọkọ mi, ẹ̀gbọ́n yín ni. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń fọ aṣọ tí wọ́n ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀ sí. Bí wọ́n bá fa èéfín ẹyọ kan, òun ni yóò gbé wọn lọ."

Agbẹ́gi fa ìkòkò náà mọ́ra. Ó mú ìlu tẹ́ẹ́rẹ́, ó dá ihò lu láti ẹnu ọrùn wọlé, níwọ̀n oríkèé ìka kan. Ó dúró níbẹ̀. Kò tì í dúró níbẹ̀ rí. Ó fi sáńpépà bó o, ó fi ìda pa á títí ó fi ń dán. Bí èèyàn bá wò ó lóde, kò sí àléébù kankan. Bí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ṣe rí nìyẹn: kò lè ṣe ohun burúkú kó máà ṣe é dáadáa.

Nígbà tí Agbẹ́gi gbé e dé, ẹ̀gbọ́n jókòó sórí ibùsùn, ó fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí méjì. Garawa wà lẹ́sẹ̀ ibùsùn, ìgò oògùn wà lójú fèrèsé. Ó gba ìkòkò náà, ó wọ̀n ọ́n lọ́wọ́, ó fi àtàǹpàkò tọ ojú igi náà.

"O ti wá mọ iṣẹ́ yìí báyìí," ó ní. "Ó ku díẹ̀ kí n kú kí o tó mọ̀ ọ́n."

"Ẹ̀yin lẹ kò kọ́ mi dáadáa."

"Wò ó, aláìmoore!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyàwó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di aṣọ rẹ̀ mú.

Àṣà ni àṣà ń jẹ́. Kí ẹ̀gbọ́n tó ronú tábà rárá, ó ti fi ìkòkò sẹ́nu, ó ti dijú, ó sì fà á. Afẹ́fẹ́ kò wá. Ó tún fà á. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ jìn wọlé, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta. Afẹ́fẹ́ kò wá.

Ó yọ ọ́ lẹ́nu. Kò wo ìkòkò náà rárá. Àyà ara rẹ̀ ló gbé ọwọ́ lé.

"Ó ti tán."

"Kí ló tán?" ni àbúrò bi í.

"Èémí mi. N kò lè fa ìkòkò lásán mọ́."

Agbẹ́gi la ẹnu. Obìnrin náà wò ó láti ẹnu ọ̀nà. Ó tún pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ní ọjọ́ náà ẹ̀gbọ́n kò mu oògùn, kò sì jẹun. Kò bú ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó fúnra rẹ̀ ló mú ìkòkò wá sí ṣọ́ọ̀bù. "Ẹ lù ú," ó ní. Omi wà lójú rẹ̀. Agbẹ́gi fi ìkòkò sẹ́nu fáìsì tó ń di igi mú, ó ti ìlu wọ ọrùn rẹ̀, ó dá a lu já ìdí ikùn. Ọwọ́ rẹ̀ yá, nítorí àtúnṣe ni iṣẹ́ rẹ̀. Kò ronú pé èérún igi tó ń fẹ́ dànù yẹn ni ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tí òun ní pé ihò kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Wọ́n jọ wọ yàrá ẹ̀gbọ́n. Agbẹ́gi sọ ọ̀rọ̀ bó ṣe rí. "N kò lu ihò rẹ̀ já lánàá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ú ni. Èémí yín wà."

Ẹ̀gbọ́n gbé ìkòkò sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó wo inú rẹ̀. Ihò náà gún régé.

"Ìwọ," ó ní, "gbé ìkòkò tí kò níhò fún èèyàn?"

"Èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó wí. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá."

Ẹ̀gbọ́n wo àwọn méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ kú àdúrótì. Ẹ ti jókòó gbìmọ̀ irọ́ tó dùn láti fi tù mí nínú. Ṣùgbọ́n mo mọ ọwọ́ ọmọ ìyá mi."

Òótọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké.

"Ẹ fà á wò nígbà náà!" Ohùn Agbẹ́gi ti lọ sókè. "Ẹ kàn fà á!"

"Mo ti fà á lẹ́ẹ̀mejì."

Ó na ìkòkò sí àbúrò rẹ̀. "Ìwọ fà á, kí n gbọ́."

Agbẹ́gi fi í sẹ́nu. Kò tì í fa ìkòkò wò rí, kì í ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ó fà á. Ẹ̀gbọ́n dijú, ó tẹ́tí. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì.

"Ó dáa," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Gbé e fún oníbàárà."

Ó kọ ojú sí ògiri. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti gbé òkú rẹ̀ sin.

Agbẹ́gi ṣì ń gbẹ́ ìkòkò. Ihò ọrùn ló ń kọ́kọ́ dá lu báyìí, kí ó tó fọwọ́ kan ikùn, kí ó tó fi ọ̀bẹ kan igi rárá. Àwọn tó mọṣẹ́ ní ìparí ló fi ń bẹ̀rẹ̀, pé igi rere ni yóò máa fi ṣòfò bẹ́ẹ̀. Bó bá ti lù ú já, á gbé e sẹ́nu, á dijú, á fà á lẹ́ẹ̀mejì.