Ọ̀dà Fàdákà Lára Họ́ọ̀sì

Ní agbo ilé wọn ní Ìdúmàgbò, kò sí òkú tí píkọ́ọ̀pù Àlájì Ṣàkírù kò gbé láti ọgbọ̀n ọdún. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbé, ó gbé àwọn àbúrò bàbá, ó gbé ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí àìsàn dá Mùtíátù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, wó, ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

"Ṣàkírù, èmi ni mo pọ̀n ọ́. Má jẹ́ kí ọkọ̀ ẹlòmíràn gbé mi o."

Àlájì ní kí wọ́n má tilẹ̀ dárúkọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ó ṣe fẹ́ràn ọkọ̀ náà tó, kí ó wá ní ọjọ́ Jímọ̀. Àlájì á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì sílẹ̀ gbayawu lójú títì, bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì gbóná, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kò tíì kúrò lójú kan láti àárọ̀. Kí àwọn tó ń kọjá lè rí i ni. Lóṣù tó kọjá, ó kun gbogbo inú rẹ̀ ní ọ̀dà fàdákà, irin àti bátìrì, títí kan àwọn họ́ọ̀sì rọ́bà. Jóṣúà, mẹkáníìkì ará Iléṣà tó ti ń tún ọkọ̀ náà ṣe tipẹ́, wò ó, ó mi orí.

"Àlájì, rọ́bà kì í lo àtíkè o. Ọ̀dà yìí á mú un gan, á sì sán."

"Òṣómàáló! Kí lẹ̀yin Ìjẹ̀ṣà mọ̀ nípa ẹwà?"

Mùtíátù kú lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ Àtàlátà. Wọ́n wẹ̀ ẹ́, wọ́n fi aṣọ funfun dì í. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán ni wọn yóò kírun sí i lára, kí wọ́n tó gbé e lọ sí itẹ́ òkú Àtán. Òkú Mùsùlùmí kì í ṣe àlejò tí à ń bẹ̀ pé kó jókòó díẹ̀ sí i.

Àlájì wọ agbádá funfun, ó tẹ́ ẹní sẹ́yìn ọkọ̀, ó ṣíná sí i. Ẹ́ńjìnnì hó, ó rọlẹ̀, ó tún hó, ó tún rọlẹ̀. Bí ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà, ẹ́ńjìnnì kú.

Wọ́n pe Jóṣúà. Àlájì tẹ pẹ́dà mọ́lẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì má kú, Jóṣúà tẹ́tí.

"Ẹ gbọ́ ọ? Ó ń súfèé. Ihò kan wà tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, epo ò wá tó o mọ́."

Ó fi orí họ́ọ̀sì kékeré kan sétí, ó ń fi orí kejì wá ohùn náà kiri, bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn. Ó wọ́n omi ọṣẹ sí ìdí kábúrétọ̀. Bí omi bá kan ojú ihò, ohùn ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí padà. Kò yí. Ó ku àwọn họ́ọ̀sì.

"Má da omi ọṣẹ sí ọ̀dà mi lára! Á ṣí."

"Àlájì, ibẹ̀ ló kù. Ká tilẹ̀ ha ọ̀dà náà, kí n rí ojú rọ́bà."

"Ha kí ni? Wá ibòmíràn."

Jóṣúà wá ibòmíràn. Ó tú púlọ́ọ̀gì tí kò ní àìsàn kankan, ó fọ̀ ọ́, ó dá a padà. Ó lé ní wákàtí kan. Wọ́n ti kírun sí òkú lára tán. Yaqub, ọmọ Mùtíátù, jáde wá.

"Bàbá, Lèmọ́mù ń bèèrè yín."

"Ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Ẹ ti sọ márùn-ún yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́rin."

"Ó yá, ẹ gbé e wá. Mi ò ní gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà."

"Tó bá wá kú mọ́ wa lọ́wọ́ lórí Bíríìjì Kátà ńkọ́? Ìyá mi ti kú lẹ́ẹ̀kan lónìí, Bàbá. Ó tó."

Ní òdìkejì títì, Mọ̀núrù tó ń fi àga rẹ́ǹtì ti ń kó àga rọ́bà sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ jálopí rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Àlájì rí i.

"Ha á," ló wí fún Jóṣúà. "Jóṣúà, ha gbogbo ẹ̀!"

Jóṣúà fi ọ̀bẹ ha á. Ó tẹ họ́ọ̀sì kìn-ín-ní, ó dára. Èkejì, ó dára. Ẹ̀kẹta, èyí tó lọ síbi bíréèkì, là sí i lọ́wọ́ bí èèpo ẹ̀pà. Lábẹ́ ọ̀dà, ó ti sán yíká. Jóṣúà gé ibẹ̀ kúrò, ó fi òmíràn sí i, ó fún kílíìpù. Súfèé náà dáwọ́ dúró. Ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀, ó ń mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Ọkọ̀ Mọ̀núrù ti gbé òkú, ó ti ń yí kọ́nà. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n rí, lẹ́tà pupa gàdàgbà: ÀGA ÀTI KÁNÓPÌ.

"Ó ti dáa, Àlájì. Ẹ jẹ́ ká lé wọn bá."

Àlájì kò lọ síwájú ọkọ̀. Ó gun ẹ̀yìn, ó jókòó sórí ẹní tí ó tẹ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Ìwọ wà á."

"Àlájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá jókòó níwájú. Gbogbo ayé ń wò yín."

"Mo ní kí o wà á."

Ọkọ̀ náà kò kú lórí bíríìjì, kò kú níbì kankan. Nígbà tí wọ́n dé Àtán, àwọn ènìyàn ti ń gbọn eruku ẹsẹ̀ wọn. Yaqub kò bá a jà. Ó kàn na ṣọ́bìrì sí i.

"Ẹ da tiyín sí i, Bàbá."

Ó dà á. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, agbádá rẹ̀ wọ inú erùpẹ̀ tútù, ó sì ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ ní ohùn ọmọdé tó pẹ́ dé ilé kéwú, tí ìyà fẹ́ jẹ:

"Ẹ̀gbọ́n mi, mo tètè jí o. Wallahi, mo tètè jí."