Fóònù Bàbá Tí Kò Ní Bátìrì

Bísí, ẹ̀rù àlá tí mo lá mọ́jú òní ò tíì kúrò lára mi. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wà lórí àpáta ẹ̀yìn ilé wa, à ń na fóònù mẹ́ta sókè ká lè mọ èyí tó ń gba nẹ́tíwọ̀kì jù. Tèmi ò gbà rárá, tiẹ̀ ń gbà díẹ̀díẹ̀. Ti bàbá wa tó ti kú, tí kò tilẹ̀ ní bátìrì nínú, ni nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ kún fọ́fọ́. Ó dún. Àmọ́ ẹ̀yìn mi ni ohùn Bàbá ti pè mí. O ṣáà mọ̀ pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí. Mo dáhùn pé, "Sà." Bí mo ṣe jí nìyẹn. Jọ̀ọ́, lónìí, má pè mí láti ẹ̀yìn.